Ọmọ Ajòro-Sùn Kì í Fín Oògùn sí Ìdí Òro: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹgbẹ́ Lánlọ́ọ̀dù Àdúgbò Wa

Ẹ̀yin àgbà mi, Bàbá Alága, Ìyá Akápò, Akọ̀wé wa, àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú wàhálà wa. Mo mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ kékeré láti máa gba owó ọlọ́dẹ lọ́wọ́ àwọn tí kò fẹ́ san, kí ẹ tún máa fi òru ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà tó jó. Ọlọ́run yóò fún yín lókun.

Ẹ mọ èmi tí mò ń kọ̀wé yìí. Màmá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo yín ń pè mí. Ilé tó wà ní àdúgbò yìí kò ju mẹ́sàn-án lọ nígbà tí èmi àti olóògbé ọkọ mi kó dé, ẹsẹ̀ la sì fi ń rìn jáde sí títì nítorí pé ọkọ̀ kò lè wọlé. Mo lè wá sílé Bàbá Alága kí n sọ tẹnu mi níbẹ̀; mo sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ ọ́ síta lọ́tẹ̀ yìí nítorí pé ilẹ̀ etí odò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí èmi àti àwọn ará àdúgbò kan jọ ń tọ́jú, kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe ti ìgbìmọ̀ nìkan. Irú rẹ̀ pọ̀ káàkiri Ìbàdàn, irú ìpinnu tí ẹ fẹ́ ṣe yìí náà ni wọ́n ń ṣe níbi púpọ̀. Ó wù mí kí àwọn ará ibẹ̀ náà kà á.

Ní ìpàdé tó kọjá, ẹ kà á sí wa létí pé kí ilé kọ̀ọ̀kan dá ₦5,000, kí a fi gba àwọn tí yóò máa fín oògùn apakoríko sí gbogbo ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, kí àdúgbò lè mọ́. Mo nawọ́, àmọ́ ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ ní ká fi sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìgbà mìíràn náà jẹ́ òní.

Màá bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú oṣù Kẹfà, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni. Mò ń ti ọjà bọ̀ ni mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé ẹ̀rọ ìfínkoríko kọ́ ẹ̀yìn, ó ti ń fín in bọ̀ láti ẹnu afárá. Kò bo imú, kò wọ ìbọ̀wọ́, sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo kí i, mo béèrè ẹni tó rán an níṣẹ́. Ó ní, "Màmá, wọ́n ní kí n fín gbogbo ẹ̀ ni." Mo ní kó jẹ́ kí n wo ike oògùn náà. Kò sí ìwé kankan lára rẹ̀. Omi pupa rúsúrúsú kan ló wà nínú rẹ̀. N kò bá a jà. Ọmọ ọlọ́mọ ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni. Mo gbé omi àti ọṣẹ fún un kó fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀, mo ní kó má fi ohunkóhun sẹ́nu títí yóò fi wẹ̀. Àmọ́ kí n tó débẹ̀, ó ti fín tó ìdajì ilẹ̀ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí ìyá tó ń ta àgbo ní ìta wa. Ó ti wà nínú ilẹ̀ náà, agbọ̀n rẹ̀ sì ti kún dé ìdajì: ewúro, èfìnrín, ejìnrìn. Mo sáré. Ní ọjọ́ orí mi yìí, mo sáré débi pé bàtà mi kan já sílẹ̀ lójú ọ̀nà, n kò sì dúró mú un. Nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó já ewé ewúro kan, ó gbé e sókè sójú mi. "Nọ́ọ̀sì, wò ó dáadáa. Kí ló ṣe é?"

Kò sí ohun tó ṣe é. Ewé náà ń dán. Ó tutù yọ̀yọ̀, kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀, ìrì àárọ̀ ṣì wà lójú rẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Oògùn tó máa ń gba ara ewé wọ inú gbòǹgbò kì í fi ara hàn lójú ẹsẹ̀. Ewé tí a fín lónìí lè dúró bí ewé rere di ọjọ́ kẹrin, ìkarùn-ún, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ta ni yóò mọ̀? Ọmọ tó ń já gúáfà kò ní mọ̀. Obìnrin tó fẹ́ fi gbúre se ọbẹ̀ alẹ́ kò ní mọ̀. A gbẹ́ ihò, a da ohun tó wà nínú agbọ̀n náà sí i, a fi erùpẹ̀ bò ó. Ìyá náà kò rí àgbo tà lọ́jọ́ náà, ó sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fín oògùn náà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa yí po, gbogbo ibẹ̀ ti di pupa bí ibi tí iná jó.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ́ rédíò mọ̀ pé NAFDAC ti fòfin de oògùn apakoríko tí wọ́n ń pè ní paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2024. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ẹni tó mu ún wá. Ẹ̀kún ẹnu kan tó láti pa ènìyàn, kò sì sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Èyí tí ọmọkùnrin yẹn gbé wá lè máà jẹ́ paraquat. Ṣùgbọ́n ike tí kò ní ìwé lára, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀?

Bàbá Alága, ẹ sọ fún mi nígbà tí mo wá pé, "Màmá, koríko náà ni." Mo fẹ́ kí ẹ bá mi rìn wọ ibẹ̀ nínú ìwé yìí, nítorí pé ó ti pẹ́ tí ẹ ti débẹ̀ kẹ́yìn.

Ilẹ̀ náà kò tóbi. Láti ẹnu afárá dé ẹ̀yìn ilé tó kángun, mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ìgbésẹ̀ 140 ni, ìbú rẹ̀ kò sì ju ìgbésẹ̀ 30 lọ. Igi ìyeyè méjì ni yóò kọ́kọ́ pàdé yín. Kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó gbìn wọ́n. Bóyá àdán ló gbé kóró wọn wá, bóyá ẹnìkan ló fi ẹ̀ka ìyeyè ṣe òpó ọgbà ní ọjọ́ kan, tí òpó náà sì yọ ewé, nítorí ìyeyè kì í kú bọ̀rọ̀. Lẹ́yìn wọn ni igi máńgòrò mẹ́ta, lẹ́yìn máńgòrò ni àgbálùmọ̀ wa tó dàgbà ju gbogbo ilé àdúgbò yìí lọ. Láti oṣù Kejìlá ni àwọn ọmọ ti ń gbé tọ́ọ̀ṣì lọ sí ìdí rẹ̀ láago márùn-ún ìdájí. Ẹ mọ̀ pé a kì í gun àgbálùmọ̀ ká a; a máa ń dúró dè é kó já bọ́ fúnra rẹ̀ ni. Ọmọ tó bá tètè jí ló ni ti ọjọ́ náà. Èyí tó ṣubú sórí ewé gbígbẹ kì í fọ́, ìdí nìyẹn tí a kì í gbá ìdí igi náà mọ́ lásìkò èso. Àlejò tó bá rí i yóò ní a ò mọ̀ ọ́n gbá.

Igi ìṣìn kan wà nítòsí omi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, mo sì tún bẹ̀rù rẹ̀ jù wọ́n lọ. Bí èso rẹ̀ bá gbó, a pupa, a là sí mẹ́ta fúnra rẹ̀ lórí igi, kóró dúdú yóò yọjú bí ojú ẹyẹ, ohun jíjẹ rẹ̀ tó ní àwọ̀ bí wàrà yóò wà ní ìdí kóró náà. Èyí tó la ẹnu ni jíjẹ. Èyí tí kò tíì là, májèlé ni. Èébì ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè pa ọmọ. Gbogbo ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ló mọ èyí, nítorí pé kí a tó fún ọmọ ní ọkọ́, a óò kọ́kọ́ mú un lọ sí ìdí ìṣìn, a óò fi èyí tó là àti èyí tí kò là hàn án. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa èso àti ẹ̀fọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ibo ló wà? Ìdí-Ìṣìn ni, níhìn-ín n'Íbàdàn. Ẹ ronú sí i: Ìdí-Ìṣìn, Ìdí-Arẹrẹ, Ìdí-Àyúnrẹ́. Igi làwọn baba wa fi ń júwe ilé. Èso ìṣìn yìí náà ni wọ́n kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé Jàmáíkà nígbà òwò ẹrú, tó wá di èso orílẹ̀-èdè wọn lónìí. Ẹja oníyọ̀ ni wọ́n fi ń sè é. Àwa tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ló ti lọ ń gé tiwa lulẹ̀.

Abẹ́ àwọn igi wọ̀nyí ni ohun tí a ń pè ní koríko wà. Gbúre ń bẹ níbẹ̀, ẹbọ́lọ̀ ń bẹ níbẹ̀, ọ̀dú ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko. Àwa ọmọ olóko tí a di ará ìlú, ọ̀dú ti fẹ́ di àìmọ̀ lójú wa. Lẹ́yìn tí owó epo bẹ́ sókè ní 2023, tí ohun gbogbo sì tẹ̀ lé e lọ́jà, mo rí obìnrin tó ń gbé nínú fúláàtì tó dára tó wá ń já gbúre níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tó ń wo ẹ̀yìn wò kí ẹnìkan má baà rí òun. N kò pè é. Mo kàn rí i dájú pé ibi tí gbúre wà kò gbẹ.

Èfìnrín àti ewúro, ẹ mọ̀ wọ́n. Ejìnrìn fà bo wáyà ọgbà. Ẹ̀yìn olobe ń hù láàárín òkúta, kò ga dé orúnkún ọmọdé, ó pọn èso rẹ̀ wẹ́wẹ́ sẹ́yìn ewé bí ìyá tó pọn ọmọ. Lẹ́bàá ògiri afárá, níbi tí omi ti ń kán ní gbogbo ìgbà, ni rinrin wà. Bí ẹ bá já igi rẹ̀ kan, tí ẹ gbé e sójú oòrùn, ẹ óò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí inú rẹ̀ já. Ọ̀dúndún tí à ń fi ṣúre fún ìyàwó àti ọmọ tuntun, tí a ní kí ayé wọn tutù bíi tirẹ̀, a gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ rinrin kí àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀. Igi akòko kan náà wà. Ọmọkùnrin kan láàárín wa kò mọ̀ pé ewé rẹ̀ ni wọ́n ń fi sí orí ẹni tí wọ́n fi joyè. Tẹlifíṣọ̀n ló ti rí i, ó rò pé ewé lásán ni.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa. Mo ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún 32, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé pé kó fi ewé rọ́pò dókítà. Mo ti rí ẹni tó ń mu àgbo títí tí ìtọ̀ ṣúgà fi gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí àdá bù mí lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, mo fún omi ewé Akíntọ́lá sí i, ẹ̀jẹ̀ náà sì dá. Lẹ́yìn náà mo lọ fọ ọgbẹ́ náà, mo lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Mo ṣe méjèèjì. Àwọn baba wa ní oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Bí a bá wá fi oògùn apakoríko pa gbogbo ewé, èwo ni yóò kù tí àwọn tó mọ̀ ọ́n yóò wá lọ?

Ẹ má sì rò pé gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ ewé ni à ń kẹ́. Ewé Akíntọ́lá tí mo dárúkọ yẹn, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ìdí méjì tàbí mẹ́ta la fi sílẹ̀, ìyókù à ń fà á tu. Èèsún à ń gé e. Wèrèpè, nígbà òjò la máa ń wá a jáde, kó tó so, nítorí pé bí ọyẹ́ bá dé, tí èso rẹ̀ gbẹ, tí afẹ́fẹ́ fẹ́ irun rẹ̀ wọ inú ilé, gbogbo wa la ó jọ máa yún ara. Òdòdó yẹ́lò tó kún ẹ̀bá títì gbogbo, à ń gé e, à ń tẹ́ ẹ sí ìdí igi kó jẹrà. Ọwọ́ tó ń fà yìí ló mọ èyí tó yẹ kó kúrò. Ẹ̀rọ tí ènìyàn gbé kọ́ ẹ̀yìn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín wèrèpè àti ewúro.

Ìgbà kòrónà, ní 2020, la bẹ̀rẹ̀. Ẹni mẹ́rin ni wá. Àkìtàn ni ibẹ̀ nígbà náà, ẹ rántí: ìdọ̀tí ilé, táyà, kùṣọ̀n tó ti jẹrà, òkú ajá. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá la fi kó o. Lónìí, ẹni 17 ni wá, láìka àwọn ọmọdé. Fọkanáísà wa tó wà ní oríta wà níbẹ̀, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ sójà, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì méjì, mẹ́gáàdì ilé kan tó jẹ́ Hausa tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú dogoyárò ju gbogbo wa lọ, ìyá alágbo náà. Àwọn àgbà wa ní àáró, wọ́n ní ọ̀wẹ̀. Àáró ni kí èmi bá ọ ro tìrẹ lónìí, kí ìwọ bá mi ro tèmi lọ́la. Ọ̀wẹ̀ ni kí ẹnìkan ké sí ọ̀pọ̀ ènìyàn fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, kó sì bọ́ wọn yó. Tiwa kò bá ìkankan mu délẹ̀délẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó ni oko tí à ń ro. Àmọ́ Sátidé kò ní kọjá kí ẹnìkan má gbé ẹ̀bà tàbí ẹ̀wà wá, a ó sì jókòó sí abẹ́ ìyeyè jẹ ẹ́. Owó yín kankan kò wọ inú rẹ̀ rí. Ọ̀rá píọ̀-wọ́tà tí àwọn ènìyàn jù nù la fi ń hu irúgbìn.

Ọ̀kan nínú irúgbìn tó hù nínú ọ̀rá píọ̀-wọ́tà ni òro wa. Bàbá sójà ló mú kóró rẹ̀ wá láti abúlé wọn ní 2021. Ó hù, a gbé e sínú ilẹ̀, ó sì ga dé èjìká mi.

Ìbàdàn, ọmọ ajòro-sùn, ọmọ ajẹ̀gbín-yó, ọmọ a-fi-ìkarahun-fọ́rí-mu. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ìtàn tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé nígbà tí ogun tú ìlú tí Lágelú tẹ̀ dó, àwọn tó ṣẹ́ kù sá gun òkè, òro inú igbó àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ tí wọn kò fi kú. Oúnjẹ ìgbà tí kò sí oúnjẹ ni, òun ni wọ́n sì fi sínú oríkì ìlú. Ní Sátidé kan, mo ní kí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wa kì Ìbàdàn. Wọ́n kì í lẹ́ẹ̀kan náà bí orin, ohùn wọn dùn. Mo wá béèrè pé, "Kí ni òro?" Kò sẹ́ni tó fọhùn. Wọ́n ń jẹ ọbẹ̀ ààpọ̀n nílé, wọn kò mọ̀ pé inú kóró òro ni ààpọ̀n ti ń jáde. Mo mú wọn lọ sí ìdí igi kékeré náà. Ọmọbìnrin kan fọwọ́ kan ewé rẹ̀, ó ní, "Ṣé èyí ni àwa?"

Ibi tí wọ́n fín lóṣù Kẹfà ni òro náà wà. Wọn kò fín in lójú, atẹ́gùn ló gbé oògùn náà lọ bá a. Ewé rẹ̀ ká kò bí ìwé tí omi bá, ó pọ́n, ó wá ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá sójà gé e kù díẹ̀ kó kanlẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. A ń bomi rin ín lójoojúmọ́. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tó yọ ewé tuntun méjì nísàlẹ̀ ibi tí a ti gé e. Kékeré bí èékánná ni wọ́n. Òro tí a gbìn láti inú kóró lè tó ọdún mẹ́wàá kó tó so, mo sì ti lé ní 60. Bí ẹ bá tún fín oògùn síbẹ̀, kò tún ní yọ mọ́.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ nípa ẹ̀fọn, ejò àti àwọn olè tó lè fara pamọ́ síbẹ̀. Omi tó dúró lójú kan ni ẹ̀fọn ń yé sí: inú táyà, agolo, ìṣà tí a kò dé, gọ́tà tó dí. Táyà tí a kó kúrò níbẹ̀ lé ní 40. Ejò náà, eku ló ń tẹ̀ lé, eku sì ń tẹ̀ lé ìdọ̀tí. Láti ìgbà tí àkìtàn ti kúrò, ejò kan ṣoṣo la rí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ti àwọn olè ni mo gbà pé ó tọ́ kí ọkàn yín má balẹ̀ lé lórí, nítorí pé ọmọbìnrin ń gba ibẹ̀ kọjá lálẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà mọ́lẹ̀ dé ìwọ̀n kókósẹ̀ lápá méjèèjì, tí a sì ń gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ àwọn igi, kí ènìyàn lè dúró lẹ́nu afárá kó rí ìkángun. Bí ẹ bá rí i pé kò tíì tó, ẹ wá fi ibẹ̀ hàn wá, a ó gé e lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀rọ̀ odò fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwa tí a dàgbà nínú wa kò gbàgbé Omíyalé Ògùnpa ní 1980. Gbogbo wa la rí ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, tí omi gbé afárá lọ, tó sì pa ènìyàn tó lé ní 100 nínú ìlú yìí. Gbòǹgbò ìyeyè, ti ìṣìn, ti koríko etí omi, àwọn ló di bèbè odò wa mú. Bí a bá pa ohun tó bo ilẹ̀, òjò àkọ́kọ́ yóò kó erùpẹ̀ náà sínú odò, ojú odò yóò ga, omi yóò sì wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ilé Ìyá Akápò ló sún mọ́ ọn jù.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ fagi lé owó oògùn náà. Bí ẹ bá sì ti fẹ́ kí a dá owó, ilé 64 lọ́nà ₦5,000 jẹ́ ₦320,000. Ẹ jẹ́ kí a fi ra bárò méjì, àdá, ọkọ́, bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ fún àwọn ọmọdé, kí a fi ìyókù san owó àwọn tó ń kó ìdọ̀tí, nítorí pé àwọn kan ṣì ń gbé ọ̀rá ìdọ̀tí wá síbẹ̀ lóru. Ẹ kọ ìwé kan fún wa, kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i, pé ilẹ̀ náà wà lábẹ́ ìtọ́jú wa fún ọdún márùn-ún, pé ẹnikẹ́ni kò ní fín ohunkóhun síbẹ̀, pé a kò sì ní tà á tàbí kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i. A kò béèrè pé kí a ni ín. Bí ìgbìmọ̀ mìíràn bá dé, tí wọ́n ní wọn kò mọ̀ wá, ìwé náà ni a ó fi hàn wọ́n. A ó fi pèrègún sàmì sí ààlà rẹ̀ yíká, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò mọ ibi tó dé. A ó sì kọ pátákó méjì: ọ̀kan fún ohun jíjẹ, ọ̀kan fún ìṣìn, kí àlejò má baà ṣèèṣì jẹ èyí tí kò tíì là.

Bí wolé-wolé bá wá, ẹ ní kó wá bá mi. Mo mọ èdè wọn.

Sátidé tó ń bọ̀ ni ọjọ́ ìmọ́tótó. Láti aago méje àárọ̀ la ó ti wà níbẹ̀. Bàbá Alága, mo bẹ̀ yín, ẹ wá fúnra yín, kí ẹ mú Akọ̀wé dání. Ẹ wọ bàtà tí kò ní dùn yín bí ó bá gba ẹrẹ̀. Bí ẹ bá ti kọjá àgbálùmọ̀, ẹ rọra máa wo ilẹ̀ lápá ọ̀tún: a to òkúta mẹ́ta yí òro náà ká kí ẹsẹ̀ má baà tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni tiyín,
Màmá Nọ́ọ̀sì